Kálíbà Wo Ni Kí N Fi Ṣọdẹ Àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, fóònù mi kì í sinmi. Ọmọ Yorùbá ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, nítorí náà mo kó wọn jọ síbí. Texas ni mo ti ń ṣọdẹ. Ẹ má bínú bí àpẹẹrẹ Texas bá pọ̀ jù.

Kí ni kálíbà gan-an?

Fífẹ̀ ihò tí ọta ń gbà jáde lẹ́nu ìbọn ni. Ínṣì ni àwọn ará Amẹ́ríkà sábà fi ń kà á: ọta .308 fẹ̀ tó ìdá 308 nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì, ìyẹn mìlímítà 7.8. Mìlímítà ni àwọn ará Yúróòpù ń lò, ibẹ̀ ni 6.5 àti 7 ti wá.

Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá sọ pé "kálíbà wo lò ń lò?", kátíríìjì lódindi ló ní lọ́kàn: kòròfo idẹ, ẹ̀tù inú rẹ̀, àti ọta tó wà lórí. Ọta .308 àti ọta .30-06 fẹ̀ bákan náà, àmọ́ kòròfo .30-06 gùn jù, ẹ̀tù tó ń gbà sì pọ̀ jù. Níbí, kì í ṣe bíi ti ṣakabùlà tí ọdẹ ń ki ẹ̀tù sí bó ṣe wù ú. Ilé iṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n tán kó tó dé ọwọ́ yín.

Kí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà orí páálí?

Kò sí ìlànà kan pàtó, ibẹ̀ ló ti ń dà rú mọ́ èèyàn lójú. 06 tó wà nínú .30-06 dúró fún ọdún 1906 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé. 30 kejì nínú .30-30 jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, grain 30 (grain, ìwọ̀n kékeré kan ni). 7mm-08 jẹ́ kòròfo .308 tí wọ́n fún lọ́rùn kó lè gba ọta 7mm. .243 náà, ọmọ .308 ni. Ní ti .270, ọta rẹ̀ kì í ṣe .270 rárá, .277 ni.

Grain tí ẹ ń rí lára páálí, ìwọ̀n ọta ni. Grain 15.4 ló wà nínú gíráàmù kan. Ọta 150 grain kò tó gíráàmù mẹ́wàá.

Àgbọ̀nrín ibí yìí, ṣé àgbọ̀nrín tilé náà ni?

Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ẹtu, ẹfọ̀n àti màlúù ló bá àgbọ̀nrín ilé wa tan. Ìwo tó bá hù lórí rẹ̀, òun ni yóò gbé kú. Akọ ti ibí, ìwo rẹ̀ a máa já lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Onírù funfun la ń pè é, nítorí bó bá ti fura, ìrù á nà sókè fọnfọn bí áńkáṣíìfù, ẹ ò sì ní rí nǹkan mìíràn mọ́ ju funfun tó ń fò lọ láàárín igi.

Bó ṣe tóbi tó ló kan ọ̀rọ̀ kálíbà. Akọ tó ti dàgbà ní Hill Country ti Texas, níhà Llano, kò sábà ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún páùnù lọ bí wọ́n bá ti kó ìfun rẹ̀. Ní Minnesota tàbí Maine níbi tí òtútù ti mú, akọ tó lé ní igba páùnù láàyè kì í ṣe ohun ìyanu. Síbẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ ń wá, àyè ibẹ̀ kò sì ju àwo ọbẹ̀ kan lọ: ínṣì mẹ́jọ, bóyá mẹ́wàá.

Mi ò tíì ní green card. Ṣé mo lè ra ìbọn?

Ẹni tó ní green card lè rà á. Ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àlejò tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún un láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ọ̀nà àbáyọ tó kan ọdẹ ni pé kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti tán pátápátá kò ní ọ̀nà kankan níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ dáadáa: "ìbọn ọ̀rẹ́ mi ni mo yá" kì í ṣe àwíjàre. Bó bá ti wà lọ́wọ́ yín, tiyín ni lójú òfin. Irọ́ orí Form 4473 tí wọ́n ń kọ ní ilé ìtajà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ó sì lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú jẹ́. Bó bá rú yín lójú, ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó bi èmi.

Kí ni òfin sọ nípa kálíbà?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ní Texas, kátíríìjì centerfire èyíkéyìí lẹ lè lò fún àgbọ̀nrín, ìyẹn èyí tí ibi tí iná ti ń mú un wà láàárín ìdí rẹ̀. .22 kékeré tí wọ́n fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Virginia ní ó gbọ́dọ̀ tó .23. Colorado le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó kéré tán .24, ọta tó tó 70 grain, tí agbára rẹ̀ sì tó foot-pound 1,000 ní ọgọ́rùn-ún yáàdì.

Ohio ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Kátíríìjì tí ara rẹ̀ gún gbọọrọ, tí kò ní ọrùn, ni wọ́n ń gbà fún ìbọn ráífù níbẹ̀, láti .357 sí .50. Ìdí ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ilé sì pọ̀. Irú ọta bẹ́ẹ̀ tètè ń rẹlẹ̀, wọ́n sì gbà pé kò ní rìn jìnnà lọ bá onílé nínú ilé. Nítorí òfin báyìí ni Winchester ṣe gbé .350 Legend jáde ní 2019. Bó bá jẹ́ Ohio lẹ ń gbé tẹ́ ẹ sì ti ra .308, ẹ ti ra ìbọn tó dára tí kò wúlò fún àgbọ̀nrín ìpínlẹ̀ yín.

California ní tiẹ̀ kò gba ọta òjé fún ọdẹ mọ́ láti oṣù keje 2019. Ọdọọdún ni kẹ́ ẹ máa wo ìwé òfin ìpínlẹ̀ yín. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà, èwo ni?

.308 Winchester. Láti 1952 ló ti wà, kò sì sí ìlú kékeré kan tí mo dé ní Texas tí mi ò rí ọta rẹ̀ rà, kódà ní ilé epo kan tí wọ́n ti ń ta ìdin fún apẹja. Ọta 150 grain ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí àgbọ̀nrín onírù funfun tí ìyẹn kò tó fún, ti Texas o, ti Maine o.

Ó ń gbá èjìká, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè gbé àpò ìrẹsì kan láti ọkọ̀ dé ilé ìdáná lè fara dà á.

Ìyàwó mi kò sanra, ọmọ mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kí ni kí wọ́n lò?

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù á na .243 sí yín lójú ẹsẹ̀. Kò burú. Gbígbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti .308 lọ, ó sì ti ń pa àgbọ̀nrín láti 1955. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọta rẹ̀ kéré, kì í dárí àṣìṣe jini. Ẹ ra ti 95 tàbí 100 grain. Àwọn ti 55 àti 58 tó wà lórí pẹpẹ kan náà, ti ajá igbó ni. Bó bá kan eegun èjìká àgbọ̀nrín, ó lè fọ́ yángá sórí eegun kó má wọlé.

Èmi, 7mm-08 ni mo ra fún ìyàwó mi. Ọta 140 grain, gbígbá tó rọ̀ ju ti .308 lọ, àgbọ̀nrín kì í sì bá a ṣe àríyànjiyàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ọta rẹ̀ kì í sí ní gbogbo ìlú, nítorí náà páálí mẹ́rin la máa ń rà pa mọ́ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. 6.5 Creedmoor wà nípò kan náà, ọta tirẹ̀ sì rọrùn rí. Àwọn àgbà ọdẹ kan ṣì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ìbọn àwọn ọmọdé òde òní ni. Láti 2007 ló ti wà. Àgbọ̀nrín èṣín ni wọ́n ń jẹ lọ́bẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan fẹ́ ta .30-30 fún mi ní olówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

Ẹ rà á, bó bá jẹ́ inú igbó dídí lẹ ti ń ṣọdẹ. Kátíríìjì yẹn jáde ní 1895, ìbọn Winchester 1894 tí wọ́n ń fa irin abẹ́ rẹ̀ ló sì gbé e lókìkí. Ó fúyẹ́, ó kúrú, kì í há sára ẹ̀ka igi.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni kẹ́ ẹ má kọjá. Bẹ́ ẹ bá tọ́ ojú rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún yáàdì, ọta á ti rẹlẹ̀ tó ínṣì méje tàbí mẹ́jọ kó tó dé igba yáàdì. Àádọ́jọ ni mo fi mọ. Bí ìbọn náà bá ní ilé ọta gbọọrọ lábẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ má ki ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí i: ẹnu èyí tó wà lẹ́yìn ló ń kan ibi iná ìdí èyí tó wà níwájú, bí ìbọn bá sì gbá, ó lè bú nínú ilé rẹ̀. Ọta ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, tàbí èyí tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe ẹnu rẹ̀ fún irú ìbọn yìí.

.270 àti .30-06 ńkọ́?

Bó bá ti wà nílé, ẹ má tà á. .270 ti wà láti 1925, ọta 130 grain rẹ̀ ń sáré, ó sì ń lọ tààrà. .30-06 lè ṣe gbogbo ohun tí .308 ń ṣe, ó kàn gbá jù ú lọ díẹ̀.

Ṣé mágínọ́ọ̀mù kò dára jù? Agbára rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ra ìbọn, ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ọkùnrin bíi tèmi, .300 Win Mag, ọ̀kan nínú àwọn mágínọ́ọ̀mù, ló yẹ ẹ́. Orí mi wú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yìn ín lórí tábìlì ìdánrawò, etí awò tí wọ́n fi ń wo ẹran lórí rẹ̀ gé mi lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, kí ìka mi tó fa ìfà tán, ojú mi á ti dì. Èmi gan-an kò mọ̀.

Oṣù kọkànlá, abo kan dúró ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún yáàdì, ó ń ṣa èso óòkù jẹ, ìhà rẹ̀ kọjú sí mi gedegbe. Mo yìn ín. Ó fò, ó sá wọ inú igi kédárì. Ibi tó dúró sí, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín àti irun funfun ni mo bá. Irun funfun, ti ikùn nìyẹn; mo ti ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Èmi àti ẹni tó ni ilẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wá a di aago mẹ́wàá alẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó rí i nínú odò gbígbẹ kan, àwọn ajá igbó ti jẹ ẹ́ láti ìdí. Kì í ṣe pé agbára ìbọn kò tó. Ẹ̀rù ìbọn ló ń bà mí.

Ẹ dán ara yín wò báyìí: ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín máa bá yín ki ìbọn, nígbà mìíràn kó ki ọta sí i, nígbà mìíràn kòròfo lásán, kẹ́ ẹ má mọ èyí tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kòròfo, tí ẹnu ìbọn ṣì tẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fà á, ìbọn yẹn ti ju èjìká yín lọ. Mo ta tèmi ní oṣù kejì. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, ẹni tó bá fi mágínọ́ọ̀mù ba èjìká àgbọ̀nrín kékeré ti Texas á rí i pé apá méjèèjì ti di ẹ̀jẹ̀ dídì, kò ṣe é fi ṣe àsun, kò ṣe é sè.

Irú ọta wo ni kí n rà?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju kálíbà lọ, òun sì ni wọn kì í bi mí. Ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ ń là bó bá wọ ara ẹran. Ọta bíi ti ológun, tí wọ́n fi bàbà bò lódindi, á gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́. Ẹran á sá lọ kú síbi tí ẹ ò ti ní rí i. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló kà á léèwọ̀ fún àgbọ̀nrín, Georgia sì wà lára wọn.

Ọta òjé ló dínwó. Ṣùgbọ́n òjé a máa fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, ó sì lè rìn jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Nítorí pé àwa àti àwọn ọmọ la ń jẹ ẹran náà, bàbà ni mo ń lò báyìí. Ó wọ́n. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, ọta rẹ̀ a sì gùn jù, nítorí náà ibi tí ẹ bá ti ń lo 150 grain ti òjé nínú .308, 130 ti bàbà á ṣe é. Ẹ yin páálí oríṣi méjì tàbí mẹ́ta dánra wò kẹ́ ẹ tó wọgbó. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó fẹ́ràn.

Ṣé mo lè lo iná orí lóru bí àwọn ọdẹ ilé?

Rárá o. Ní Texas, láti ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni àyè wà fún àgbọ̀nrín. Iná lójú ẹran lóru, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀.

Ààbọ̀ wákàtí ìkẹyìn yẹn gan-an ni ẹran sì máa ń jáde. Ibẹ̀ ni awò tó mọ́lẹ̀ ti ṣe pàtàkì. Bí owó yín bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là, ẹ ra ìbọn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kẹ́ ẹ fi ìyókù ra awò.

Báwo ni mo ṣe lè yìn ín jìnnà tó?

Ìbọn lè lọ jìnnà jù yín lọ. .308 tí a tọ́ sí ọgọ́rùn-ún yáàdì á rẹlẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ní igba, ní ọ̀ọ́dúnrún ó ti tó ínṣì mẹ́tàlá, ìyẹn á sì bọ́ sábẹ́ ikùn ẹran bẹ́ ẹ bá gbé e sí àárín àyà. 6.5 Creedmoor kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbẹ̀. Ibi tó ti ń borí ni kíkọjá ọ̀ọ́dúnrún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti ọta. Kí ni ẹ̀yin ń wá níbẹ̀? Ẹran tó jìnnà jù tí mo ti pa, 160 yáàdì ni.

Ẹ dúró kó fi ìhà hàn yín, kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀yìn èjìká, ní ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ àyà. Bó bá sá lọ lẹ́yìn tí ẹ yìn ín, ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹran tí wọn kò lé á dùbúlẹ̀ nítòsí. Èyí tí wọ́n lé á rìn títí.

Mo ní .223. Ṣé kò tó?

Ní Texas, òfin gbà á. Ní Virginia àti Colorado, kò gbà á. Ẹni tó mọ ìbọn yìn dáadáa, tó lo ọta 60 grain sókè tí ẹnu rẹ̀ ń là, tí kò kọjá ọgọ́rùn-ún yáàdì, á fi pa àgbọ̀nrín kékeré. Àwọn tó ń bi mí kì í sábà jẹ́ ẹni yẹn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo ní kò tó.

Kátíríìjì kan wọ inú ìbọn mi geere, àmọ́ nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ṣé kí n yìn ín?

Ẹ má dán an wò láé. Èyí tó ti ba ìbọn jẹ́ jù ni .300 Blackout nínú ìbọn .223. Inú kòròfo .223 ni wọ́n ti gé e, nítorí náà nígbà mìíràn ìbọn á pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọta .308 ló wà níwájú, ihò .224 sì ni wọ́n fẹ́ kó gbà. Ìbọn á bú lójú ẹni tó yìn ín.

Nọ́ńbà tó wà lára ìbọn, tó wà lára páálí, tó wà ní ìdí kòròfo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Kálíbà kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé lọ sí oko ọdẹ, mi ò jẹ́ kí méjì wọ àpò kan náà. .308 àti 7.62 NATO ló jọra jù lọ, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn yín kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀.

Ṣé mo lè gbé ìbọn mi lọ sílé ní oṣù Kejìlá?

Ẹ fi í sílẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ológun oníwọ̀n 7.62 sí èèwọ̀, kò sì sí ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní Ìkẹjà tí yóò dúró gbọ́ àlàyé yín pé .308 ti ọdẹ ni eléyìí. Ìbọn ọdẹ yòókù nílò ìwé àṣẹ, títí kan ṣakabùlà. Amẹ́ríkà pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀ lórí gbígbé ìbọn jáde.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣọdẹ ní Ṣakí lẹ fẹ́ ṣe lóore, bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún nítorí ejò ni kẹ́ ẹ rà fún un. Àbúrò mi wọ tirẹ̀ títí ìdí fi lu.